Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó bínú sọ́mọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ níbí ní Madison, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ibẹ̀ náà ni mo ti ka lẹ́tà bàbá kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní òun ta ilẹ̀ méjì kí ọmọ òun lè lọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ọmọ ọ̀hún ti di òyìnbó, kì í gbé ìpè, tó bá tiẹ̀ gbé e kì í sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì, kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sílé rí. Bàbá wá ní kí gbogbo òbí là'jú wọn, pé ayé làwọn ọmọ yìí ń jẹ kiri. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, mi ò sì kàwé ní yunifásítì Wisconsin tó wà níbí. Oúnjẹ ni mò ń bù fáwọn ọmọ náà. Ilé oúnjẹ yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2018, mo dúró nídìí kàǹtà, mo fi nẹ́ẹ̀tì bo'rí, wọ́n á na àwo sí mi, èmi á bù ú. Ẹni tó bá ń bu oúnjẹ fọ́mọ lójoojúmọ́ á mọ ìgbà tára ẹ̀ dá àtìgbà tí kò dá, kódà tí wọn ò bá gbọ́ èdè ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ bí ọdún kan ṣe máa ń rí fún wọn. Ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, 2018 wọ 2019, ni màá sọ, torí ohun tójú mi rí lọ́dún yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Àkọ́kọ́, bàbá, ọdún tiwọn kì í bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní. Oṣù kẹjọ ló ń bẹ̀rẹ̀. Ní Madison níbí, ilé táwọn ọmọ ilé ìwé ń rẹ́ǹtì láàárín ìlú, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, àdéhùn ẹ̀ máa ń parí lọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ, tuntun á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15, gbogbo wọn ló sì ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo títì lọ́jọ́ yẹn. Sófà, tábìlì, fáànù, ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, àtùpà, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó bá wù ú á gbé e, ọ̀fẹ́ ni. Hippie Christmas ni wọ́n ń pè é. Èmi kọ́kọ́ ń wò wọ́n níran ni, torí nílé wa, tó o bá gbé àga ẹ̀gbẹ́ títì wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ bi ẹ́ bóyá orí ẹ pé, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó o gbé e padà kó má lọ jẹ́ ti ẹbọ. Bí mo ṣe dúró nìyẹn tí mo rí ọmọ Èkìtì kan tó ń ṣe PhD, tó ru tábìlì sórí bí ẹni ru igi ìdáná, ló bá kí mi, ó ní "Mọ́mì, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú." Mo bá a dì í mú. Ìgbà tá a gbé tiẹ̀ dé'lé, a padà lọ gbé tèmi. Orí tábìlì yẹn ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, torí ìdun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí dáadáa tí òjò ńlá fi rọ̀, òru ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, omi gbé mọ́tò, àwọn adágún tó yí ìlú ká kún títí wọ́n fi ń to àpò yanrìn síwájú ilé. Àwọn ọmọ tuntun ń kó wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì bọ̀ nínú gbogbo ìyẹn, àwọn òbí wọn ń bá wọn gbé fíríìjì kékeré. Tiwa ò ní òbí tó ń bá wọn gbé nǹkan. Báàgì méjì tí wọ́n gbé kúrò ní Ìkejà náà ni wọ́n ń wọ́.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ á fún wọn níwèé kan tí wọ́n ń pè ní syllabus. Gbogbo ìdánwò, gbogbo iṣẹ́ àmúrelé, ọjọ́ àti aago tí wọ́n á gbà á títí sẹ̀mẹ́sítà á fi parí, ó ti wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá ní aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpútà ló ń gbà á, kọ̀ǹpútà ò sì mọ ẹ̀bẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lára pé tí ìdánwò bá sún mọ́lé, ASUU lè dé nígbàkugbà kó wá gbà á kalẹ̀, kò ní gbà á gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á gbà á gbọ́ tó bá di oṣù kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó jẹ́ tèmi wá kàn báyìí. Ẹ má rò pé oúnjẹ yunifásítì jẹ́ àjẹyó lọ́fẹ̀ẹ́ o. Níbí lọ́dún yẹn, gbogbo nǹkan tó bá wọ inú àwo ló lówó ẹ̀ lórí, ìrẹsì lówó tiẹ̀, adìyẹ lówó tiẹ̀, káàdì ilé ìwé ni wọ́n fi ń san án, tówó bá tán nínú káàdì, ó tán nìyẹn. Ọdún 2018 yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ òfin pé ọmọ tuntun tó bá fẹ́ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kó ó kéré tán 1,400 dọ́là sínú owó oúnjẹ lọ́dún, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti fa wàhálà lórí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ ńkọ́, ẹni tí kò ní ńkọ́. Èmi ò dá sí i, oníṣíbí ni mí. Àmọ́ ohun tí mo rí ni màá sọ. Ní oṣù kẹsàn-án, gbogbo ọmọ ló ń na àwo gbàgàdà, adìyẹ, ẹran, wàrà tí wọ́n po mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n dín lépo (wàrà ni ìpínlẹ̀ yìí mọ̀ jù, ó jọ ti àwọn Fúlàní wa àmọ́ iyọ̀ ẹ̀ pọ̀), áísíkíríìmù. Tó bá wá di oṣù kọkànlá, mo ti ń rí èyí tó ń ka owó. Á dúró, á wo iye tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù, á ní "ìrẹsì nìkan, ẹ ṣeun." Ìrẹsì nìkan. Kò ní sọ fún yín lórí fóònù, bàbá, torí ó mọ̀ pé ilẹ̀ méjì lẹ tà. Mi ò lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kámẹ́rà wà lókè, àmọ́ ọwọ́ mi ni ṣíbí wà, ẹ má sì bi mí bí mo ṣe ń bù ú.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ owó tán, torí òun ló ń bí yín nínú jù. Lọ́dún yẹn, ọmọ ìpínlẹ̀ Wisconsin ń san bíi 10,500 dọ́là owó ilé ìwé. Ẹni tó bá ti ibòmíì wá ń san ohun tó lé ní 36,000. Dọ́là wà ní nǹkan bíi 360 náírà nígbà yẹn, ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀, ó ti ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́tàlá, a ò sì tíì sọ ti ilé àti oúnjẹ. Ọdún yẹn náà ni ilé ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n sọ lórúkọ Bucky, ẹranko tó jẹ́ àmì wọn, pé ọmọ Wisconsin tí owó tó ń wọlé fún ìdílé ẹ̀ lọ́dún kò bá ju 56,000 dọ́là lọ, kò ní san owó ilé ìwé. Mo yọ̀ fún wọn, àwọn ọmọ àgbẹ̀ wà lára àwọn tó jàǹfààní ẹ̀, àmọ́ ọmọ tiwa ò sí níbẹ̀. Ìwé àṣẹ táwọn ọmọ yín sì gbà wá síbí ò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, inú ọgbà ilé ìwé náà sì ni. Wákàtí 20! Owó ẹ̀ ò tó fún bùrẹ́dì àti owó fóònù, ibo ló ti fẹ́ rí tí ẹ̀yin? Èyí tó bá ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í dáadáa ibi tó ti ń rí i.

Kì í ṣe pé wọn kì í gbádùn o, mi ò ní purọ́. Tó bá di Sátidé tí bọ́ọ̀lù wà, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn, pupa ni gbogbo ìlú máa ń wọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Pápá ìṣeré wọn, Camp Randall, ń gba nǹkan bí 80,000 èèyàn lọ́dún yẹn, nígbà tí ìdá mẹ́ta bọ́ọ̀lù bá parí kí ìkẹrin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi orin kan sí i, gbogbo wọn á máa fò lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ á máa mì, mo wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mo di àga mú. Ọdún tí mò ń sọ yìí kò tiẹ̀ dáa fún wọn. Àwọn kan láti Utah tí wọ́n ń pè ní BYU wá nà wọ́n mọ́lé, 24 sí 21, lóṣù kẹsàn-án. Èyí tó wá dun wọ́n jù ni ti Minnesota, aládùúgbò wọn. Àáké ńlá kan wà táwọn méjèèjì ń jà dù lọ́dọọdún, àáké tí Ṣàngó gan-an á yà wò, Minnesota ò gbà á láti 2003, ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2018 ni wọ́n wọ Madison wá gbé e lọ, 37 sí 15. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé oúnjẹ dákẹ́ bí ilé òkú.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni mo fẹ́ kí bàbá yẹn fi sọ́kàn. Oṣù kẹwàá ni ìdánwò àárín sẹ̀mẹ́sítà, ewé ń já, òtútù ń bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ń lọ láti yàrá dé yàrá, ojú ọmọ á ti wọlé, á na àwo sí mi á gbàgbé ohun tó fẹ́ jẹ. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún níwájú kàǹtà torí pé mo bi í pé ṣé ó sùn. Kò sí nǹkan míì tí mo sọ o, ṣé o sùn ni mo sọ.

Ẹ wá wo aago tí ẹ̀yin ń pè. Nígbà ooru, wákàtí mẹ́fà lẹ fi ṣíwájú wa. Tẹ́ ẹ bá jí, tẹ́ ẹ gbàdúrà tán, tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ kí ọmọ yín ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjì òru ni níbí. Tó bá sì di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá, wọ́n á yí aago padà, ó di wákàtí méje, ó di aago kan òru. Ọmọ tó sùn ní aago méjìlá ààbọ̀, ẹ jí i ní aago kan, ẹ ní kò sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì!

Ọdún 2018 yẹn, ọjọ́ tí wọ́n yí aago níbí, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, ọjọ́ yẹn náà ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nílé, wọn ò sì dá a dúró àfi ọjọ́ 7 oṣù kejì 2019. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú láàárín òbí àtọmọ nìyẹn. Ọmọ kan wà nílé ní Ìjẹ̀bú fún oṣù mẹ́ta, ó ń bá wọn ta ọjà, ó ń tẹ fóònù látàárọ̀ dalẹ́, òbí á wá máa sọ pé ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lèyí náà, báwo lèyí ṣe ráyè tí ti Amẹ́ríkà ò ráyè? Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ti Amẹ́ríkà parí sẹ̀mẹ́sítà kan, ó ṣe ìdánwò ẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Thanksgiving, ọdún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Tọ́sìdeè kẹrin oṣù kọkànlá, ìlú á dá páropáro, gbogbo ọmọ onílé á lọ sílé. Àwọn tiwa á kù sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́dún yẹn, mo pe mẹ́rin, méje ló wá, ọ̀kan kì í tiẹ̀ ṣe Yorùbá, ọmọ Nepal ni, ó jẹ ata débi tí imú ẹ̀ ń ṣomi, kò dáwọ́ dúró.

Oṣù kejìlá, ìdánwò àṣekágbá. Oòrùn á wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ má fojú kéré òkùnkùn yẹn. Ọmọ á wọ kíláàsì nígbà tílẹ̀ ń mọ́, á jáde, ilẹ̀ ti ṣú, ó máa ń ṣe wọ́n bí ẹni tí wọ́n jí ọjọ́ ẹ̀ gbé. Ìdánwò parí lọ́jọ́ 20, ilé á tún dá. Àsìkò yẹn gan-an lẹ̀ ń retí owó Kérésì lọ́wọ́ wọn.

Ti oṣù kìíní 2019, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ kí ẹ gbà á gbọ́. Ọjọ́ 30, òtútù lọ sí ìwọ̀n 32 nísàlẹ̀ òdo ní Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń pín lẹ́tà, tí wọ́n máa ń fẹnu yangàn pé òjò ò dá àwọn dúró, wọ́n dúró. Yunifásítì ti kíláàsì pa, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ má jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ á jẹun, àbí? Nítorí náà àwa oníṣíbí lọ síbi iṣẹ́. Mo wọ ṣòkòtò mẹ́ta, mo fi gèlè wé ojú, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì torí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi kan irin. Irun imú mi dì gan, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń dún. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ọmọ ń da omi gbígbóná sókè níta, ó ń di èéfín kó tó balẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo bínú, mo sì tún rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn lèèyàn ń rìn lórí adágún Mendota tó ti dì, bí ẹni rìn ní pápá. Lóṣù kejì, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú orí ère ńlá kan, ère obìnrin tó di iná mú ní New York, wọ́n gbé e sórí yìnyín bí ẹni pé ìyókù ara ẹ̀ ti rì sínú omi. Wọ́n ní àwọn ọmọ ilé ìwé kan tó ń ṣe àwàdà ló kọ́kọ́ dán an wò lọ́dún 1979, ó sì ti di àṣà. Mo rìn débẹ̀, mo ń ka Sáàmù lọ.

Ọjọ́ kan nínú oṣù yẹn, ọmọ òyìnbó gíga kan dé iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ mà." Ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì yìí o, ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ fún èdè àti lítíréṣọ̀ Áfíríkà ti wà láti 1964. Ó wá nawọ́ sí ìkòkò, ó ní "Mo fẹ́ jẹ ọ̀bẹ." Mo ní ọmọ mi, ọ̀bẹ ò ṣeé jẹ, ọbẹ̀ ni, ọ-bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń tò sórí ìlà tèmi kódà tó bá gùn, á sì bi mí ní ọ̀rọ̀ kan lójoojúmọ́. Bàbá, ẹ wí pé ọmọ yín ti di òyìnbó. Òyìnbó ń wá Yorùbá lọ́dọ̀ mi níbí.

Oṣù kẹta àti ìkẹrin, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún yí aago padà sí wákàtí mẹ́fà, yìnyín tún rọ̀ nígbà tá a rò pé ó ti parí.

Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní pápá bọ́ọ̀lù kan náà. J.J. Watt tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká ló bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ ohun tí mi ò lè gbàgbé wà lórí òkè Bascom. Ère Lincoln jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá gboyè á gùn ún, á jókòó lé itan ẹ̀, á sọ nǹkan sí i létí. Ọmọbìnrin Ìbàdàn kan, ọ̀kan lára àwọn méje tó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù mi, wọn ò fún ìyá ẹ̀ ní físà, ló bá fún mi ní fóònù, ó ní "Mọ́mì, ẹ bá mi dì í mú kí màámi rí mi." Mo dì í mú. Ìyá wà nínú WhatsApp, nẹ́tíwọọ̀kì ń já, ó ń ní "Ibo ló wà? Mi ò rí i! Ta nìyẹn tó jókòó?" Mo ní ọkùnrin tó jókòó, ère ni mà, ọmọ yín lẹni tó wọ dúdú tó ń gùn ún yẹn. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki í ní oríkì, Àyọ̀ká báyìí Àyọ̀ká bọ̀ọ̀, ọmọ wà lórí itan Lincoln ó ń sunkún, àwọn òyìnbó tó tò sẹ́yìn ò bínú, wọ́n dúró. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ ni nílé, ìyá sì ti wọ aṣọ òde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà ooru dé, họ́sítẹ́ẹ̀lì dá, wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ wa kù títí di oṣù kẹjọ táwọn sófà tún fi jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Bàbá ò kọ orúkọ ìlú tí ọmọ ẹ̀ wà sínú lẹ́tà. Tó bá jẹ́ Madison ni, ẹ bá mi sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín, á ti jí nígbà yẹn, pé kó wá sílé oúnjẹ, kó má tò sórí ìlà tó kúrú, kó wá sórí ìlà obìnrin tó kọlà sójú. Kó kí mi ní Yorùbá, kó na àwo ẹ̀. Mo mọ ohun tí màá fi ṣíbí ṣe.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníṣíbí,
Madison, Wisconsin